Ọmú Dámiláre Lásìkò Abẹ́rẹ́ Màlúù

Àìkú, 3 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀la ni mo ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Congé ìbímọ, ìsinmi tí wọ́n fún mi láti tọ́jú ọmọ, ti tán, èyí tí mo fà mọ́ ọn nínú ìsinmi ọdún náà ti tán. Dámiláre pé oṣù mẹ́ta ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Mo ti fọ aṣọ iṣẹ́. Bàtà rọ́bà wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ra ife kékeré méjì àti ike onídèérí mẹ́rin. Tata Salamatou, agbẹ̀bí wa, ní kí n má wulẹ̀ ra ìgò onírọ́bà: "Ife ni kí ẹ máa fi fún un. Tó bá mọ rọ́bà tán, ó lè bá ọmú ṣọ̀tá." A dán an wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fún ọmú tó ìdajì ife, Màmá gbé e sí i lẹ́nu. Ó tu gbogbo rẹ̀ sí wọn láyà, ó wá yíjú wò mí bí ẹni tí mo dà.

Màmá, ìyá Akínwùmí ọkọ mi, ti Bétérou, ìlú wọn, dé láti Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú àpò iṣu méjì àti ẹní wọn. Wọ́n ní àwọn ò lọ títí a ó fi gún màlúù tó kẹ́yìn lábẹ́rẹ́ lọ́dún yìí.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i kà nígbà tí ọkàn mi bá rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí mo bí Táyọ̀, mo já a lẹ́nu ọmú lọ́sẹ̀ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo fi mílíìkì inú agolo rọ́pò. Ìgbẹ́ gbuuru fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe jìn wọnú. Ti Dámiláre, oṣù mẹ́fà gbáko, ọmú nìkan.

Ajé, 4

Abúlé Sanson la kọ́kọ́ lọ. Àwa mẹ́ta: Tonton Samir tí í ṣe chef, ọ̀gá wa, Roukaya tó ń kọ orúkọ olówó màlúù àti iye wọn, èmi tí mo ń gún. Màlúù igba ó lé méjìdínlógún. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́.

Àyà mi ni kò gbàgbé ilé. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ọmú ti le bí òkúta. Ọmọ màlúù kan ké, ìyá rẹ̀ dá a lóhùn láti inú ọgbà, bẹ́ẹ̀ ni omi ọmú mi yọ jáde lára ẹ̀wù, níwájú ọkùnrin bí ogún. Mo ní kí Tonton Samir fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn.

"Madame, màlúù ò ní dúró de ọmú o."

Obìnrin Fúlàní kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ahéré rẹ̀. Ó rìn wá tààrà, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Hawaou lorúkọ rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ta wàrà lọ́jà Tchaourou, Nàgó, Yorùbá tiwa, lẹ́nu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já geere ju tèmi lọ.

"Ìyá ọmọ, wá jókòó. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni ọmú ń wú lára wọn, iṣẹ́ ì bá ti dúró láti àárọ̀."

Ó bu omi fún mi láti fọ ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn dí ẹnu ọ̀nà. Ike kan kún, èkejì dé ìdajì. Mo kó wọn sínú glacière tèmi, àpótí kékeré aláwọ̀ ewé tí Akínwùmí kó yìnyín sí láàárọ̀. Ti abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, tèmi lọ́tọ̀.

Mo délé láago mẹ́rin. Dámiláre ò gba ife láti àárọ̀, ó ti ké tó fi há. Ó gbá ọmú mú bí ẹni tí ìyàn mú tó rí iṣu tuntun. Màmá jókòó ti ògiri, òógùn bò wọ́n. Wọ́n ní, "Ìyá Táyọ̀, ọmọ yìí ní ẹ̀mí ológun."

Ìṣẹ́gun, 5

Ó tún kọ ife. Mo lọ sunkún ní ilé ìwẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ó MU Ú!

Táyọ̀ ló ṣe é. Ilé ìwé tètè jáde, ó jókòó síwájú àbúrò rẹ̀, ó bu omi sínú ife tirẹ̀, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń pọ́nnu lá: "Mm, ó dùn o, mi ò ní fún ẹnikẹ́ni." Màmá ní ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń mi ẹnu tirẹ̀ náà. Ni wọ́n bá gbé ife sí i létè. Ó fi ahọ́n lá a bí ológbò, ó tún lá a, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nígbà tí mo dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bẹ níta tí wọ́n ń dúró láti sọ fún mi, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Akínwùmí tó ń ti oko iṣu bọ̀ gbọ́ ariwo, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó rò pé ejò ni.

Ìṣẹ́gun, 12

Ife méjì àtààbọ̀ kí n tó dé. Owó yìnyín ti di ọgọ́rùn-ún fráǹkì, àádọ́ta ni tẹ́lẹ̀. Kò burú.

Ajé, 18

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi là. Láàárọ̀ a ò rí igi kajú tó wà ní òdìkejì títì, eruku bò ó. Ọmú ò tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ike kan péré ni mo rí fún. Màmá se ọ̀gì ọkà bàbà fún mi, wọ́n lọ ẹ̀pà sínú rẹ̀, wọ́n dúró lé mi lórí títí mo fi lá ìsàlẹ̀ abọ́. Wọ́n ní màlúù tí kò jẹun, kí ni ó fi fún ọmọ rẹ̀?

Ẹtì, 22

Ọkàn mi bàjẹ́ lónìí.

Mo délé, mo sáré fọ ọwọ́ àti àyà, mo gbé Dámiláre. Ó mu díẹ̀, ó yí orí kúrò. Ìtẹ́dìí rẹ̀ tutù, ìgbẹ́ inú rẹ̀ dà bí omi. Mo wo orí àga, mo rí ife kẹta. Ife méjì ni mo rà.

"Màmá, kí ló wà nínú ife yìí?"

Wọn ò purọ́ fún mi. "Omi ni. Díẹ̀ náà ni. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ọmọ gbẹ. Ewúrẹ́ gan-an ń mu omi, Ìyá Táyọ̀."

Mi ò lè jágbe mọ́ ìyá ọkọ mi. Mo gbé ọmọ wọ yàrá, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú Táyọ̀ nígbà yẹn lọ́hùn-ún ni mò ń rí. Akínwùmí wọlé, ó wò mí, ó wo ìtẹ́dìí. Ó ní, "Lọ́la, gbogbo wa la ń lọ rí Tata Salamatou. Màmá pẹ̀lú."

Àbámẹ́ta, 23

Ìgbẹ́ náà ti ń dúró. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Tata Salamatou ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Màmá, wọ́n fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga. Wọ́n ní kí n fún ọmú díẹ̀ sínú ṣíbí, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wò ó, Màmá. Èyí tó kọ́kọ́ ń jáde fúyẹ́, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyẹn ni omi mímu ọmọ. Èyí tó nípọn ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyẹn ni oúnjẹ. Omi inú ìkòkò wa, àgbà lè mu ún kó má ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ ọwọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n jà."

Màmá gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ṣíbí náà pẹ́.

Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, Màmá jókòó sẹ́yìn mi lórí alùpùpù, Dámiláre wà láàárín wa. Bí a ṣe kọjá ọjà, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí: "Mẹ́jọ ni mo bí, Ìyá Táyọ̀. Márùn-ún lẹ bá. Àwọn mẹ́ta yẹn, ìgbẹ́ gbuuru ni, lásìkò ọyẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ń pa ọmọ.

Àìkú, 24

Ife kẹta ti kúrò lórí àga. Màmá ń bu ata sínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejìlá

Abúlé Goro. Táyà alùpùpù mi jò lọ́nà, a pẹ́ kí a tó dé, Tonton Samir ní kò sí ìsinmi kankan. Láti aago méje títí di mẹ́ta, mi ò rí àyè fún ọmú rárá. Nígbà tí mo dé ilé, ọmú òsì ti pupa, ó gbóná, ìdì líle kan wà lábẹ́ apá. Òtútù ń mú mi nínú oòrùn.

Àbámẹ́ta, 7

Ibà. Tata Salamatou fún mi ní oògùn, wọ́n sì kìlọ̀ gidigidi: "Ẹ má dá a dúró o! Ọmọ náà ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ gbé e sí èyí tó ń dùn yín ṣáájú."

Mo gbé e sí i. Mo fi eyín di etí gèlè. Màmá ń ki aṣọ bọ omi gbígbóná, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí mi láyà, wọ́n ń pe oríkì ọmọ náà fún un bí ẹni ń ran ajìjàkadì lọ́wọ́: "Fà á, Àkànní! Fà á, má jẹ́ kó ṣẹ́kù!" Pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn, ẹ̀rín gbé mi. Lọ́sàn-án, ìdì náà tú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, gbì, gbì, gbì. Mo sùn bí òkú igi.

Ìṣẹ́gun, 10

Mo padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, ó yẹ kí n kọ ọ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ tí mo wà nínú ibà, Tonton Samir padà lọ sí Sanson nítorí màlúù tí wọ́n kó wá kò tó ti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin ibẹ̀ búra fún wọn pé kò sí mọ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ni wọ́n rí. Lónìí a tún lọ. Ọgbà ṣófo. Tonton Samir ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń pe foonu. Aago mọ́kànlá lù lára mi. Mi ò tọrọ àyè mọ́. Mo ní, "Tonton, mò ń lọ sọ́dọ̀ Hawaou, mò ń bọ̀." Wọ́n kàn fi ọwọ́ júwe.

Obìnrin márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń po wàrà. Mo jókòó láàárín wọn, mo ń fún ọmú sínú ike, a ń sọ̀rọ̀ ilé. Ni àgbà inú wọn bá sọ nǹkan ní Fulfulde, Hawaou sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ojú ń tì í díẹ̀: "Ó ní ẹnìkan sọ pé abẹ́rẹ́ yín máa ń gbẹ ọmú màlúù. Àwa la ni wàrà. Àwọn ọkọ wa ló ni màlúù. Nítorí náà a ní kí àwọn ọmọ da àwọn abo tó ń fún wàrà lọ sí etí odò."

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó lè dín ní ọjọ́ kan sí méjì, bí ara wa náà ṣe ń gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Á padà. Ṣùgbọ́n bí àrùn tí abẹ́rẹ́ náà wà fún bá wọ agbo, kì í ṣe wàrà ọjọ́ méjì lẹ ó pàdánù." Mo wá gbé ike mi sókè. "Èmi náà gba abẹ́rẹ́ nígbà tí mo wà nínú oyún Dámiláre. Ibà ṣe mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rò pé ọmú ti tán. Ẹ wò ó."

Hawaou túmọ̀. Ìyá àgbà náà gba ike lọ́wọ́ mi, ó yí i sí oòrùn, ó wò ó bí ẹni ń yẹ wàrà wò lọ́jà. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo wọn kú sẹ́rìn-ín. "Ó ní ó nípọn ju ti màlúù ọkọ òun lọ."

Aago méjì kò tíì lù tí agbo fi ń ti etí odò bọ̀ nínú eruku, àwọn obìnrin ń rìn níwájú. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Tonton Samir dúró, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ẹnu ṣí sílẹ̀. "Madame, kí lo ṣe?"

Mo ní, "Mo lọ fún ọmú ni, Tonton."

Ọjọ́rú, 11

Lórí ìwé ètò iṣẹ́ òní, Tonton Samir fi bírò pupa kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn: *Aago mọ́kànlá, Madame yóò sinmi.* Mo ya fótò rẹ̀.

Ọjọ́rú, 25

Kérésìmesì. Roukaya wá bá wa jẹ iyán àti ẹran ẹtù. Táyọ̀ ń ṣe àfarawé bí bàbá rẹ̀ ṣe ń hanrun, Dámiláre sì rẹ́rìn-ín kèékèé, ẹ̀rín gidi, ìgbà àkọ́kọ́. Ni Akínwùmí alára bá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun lórí ìjókòó kó lè tún un gbọ́.

Ajé, 6 Oṣù Kìíní

Ìròyìn tí mò ń bẹ̀rù dé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bétérou ni, oorun mẹ́rin níbẹ̀. Ọ̀nà jìn, a ò lè máa lọ máa bọ̀. Mo jẹun alẹ́ bí ẹni ń jẹ iyanrìn. Ọmú oorun mẹ́rin, glacière wo ni yóò gbà á?

Màmá bi mí léèrè ohun tó dé, mo sọ fún wọn. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bétérou wo? Bétérou tèmi?" Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní wọn nígbà náà gan-an, ó ku ọjọ́ méje.

Ìṣẹ́gun, 14

Bétérou. À ń gbé nílé Màmá, gbogbo àdúgbò ti wá wo Dámiláre. Láago mọ́kànlá ni mo rí alùpùpù ọmọ ìyá Màmá kan tó ń bọ̀ láàárín igi kajú tó ń tanná, Màmá lẹ́yìn rẹ̀ bí olorì, ọmọ lẹ́yìn Màmá. Wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi tó sún mọ́ ọgbà màlúù. Mo fọ ọwọ́ dé ìgunpá, mo bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, mo jókòó. Kò sí ife, kò sí yìnyín, kò sí ike. Òdòdó kajú ń já bọ́ sí wa lára. Mi ò rántí ìgbà tí iṣẹ́ dùn mọ́ mi tó báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 16

Akọ màlúù kan ń yọ wá lẹ́nu, Roukaya sì nílò ọwọ́ mi lójijì. Màmá ti lọ kí ẹnìkan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbé Dámiláre lé Tonton Samir lọ́wọ́. Nígbà tí mo padà, ó ti tọ̀ sí wọn láti àyà dé ìgbànú. Wọ́n dúró gbagidi, apá wọn nà síwájú bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná.

"Madame," wọ́n ní, "mẹ́rin ni ìyàwó mi bí fún mi. N kò gbé ọ̀kankan tó báyìí rí. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n gbé wọn." Wọn ò tètè gbé e fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Roukaya wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ. "Tata Ṣìkẹ́, níbo lẹ ti ra àwọn ike yẹn?" Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo ikùn rẹ̀. A pariwo pa pọ̀ débi pé ajá gbogbo àdúgbò dá wa lóhùn.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kejì

Oṣù mẹ́fà pé lónìí. Abẹ́rẹ́ parí lánàá. Kílò méje àtààbọ̀ lórí òṣùwọ̀n Tata Salamatou. Màmá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un wọ̀n kí àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Ní ọ̀sán, ẹ̀kọ àkọ́kọ́. Ó tu ti àkọ́kọ́ sí gèlè Màmá. Ìkejì, ó gbé e mì, ó la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ.

Ajé, 3

Mo ti múra fún ẹkún rẹ̀ láàárọ̀ bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ó jókòó lórí ẹsẹ̀ Màmá, ẹ̀kọ dé ọ̀fun ẹ̀wù rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó padà sórí ṣíbí. Èmi ni mo sunkún, láti ilé títí dé ọ́fíìsì, eruku lẹ̀ mọ́ mi lójú nínú àṣíborí. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé kò nílò mi mọ́.

Láago márùn-ún, mi ò tíì pa alùpùpù tán tó ti gbọ́ ọ. Màmá ní ó ju ṣíbí dànù. Ó na apá méjèèjì sí mi láti ọ̀ọ́kán, ó ń fò lọ́wọ́ wọn, ó ń kígbe. Mo fọ ọwọ́ níbi ìkòkò omi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ gan-an, kò jẹ́ kí n wọlé. Ó ń mu, ó ń wò mí, ó ń fi ọwọ́ fa okùn kan lábẹ́ àgbọ̀n mi. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mi ò tíì ṣí àṣíborí.